Òkun Ń Kan: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Wọ̀n Ọ́n

Ọbẹ̀ tó kan àti ọbẹ̀ tó ń kan kì í ṣe ọbẹ̀ kan náà. Èyí tó ti kan, ajá la ó gbé e fún. Èyí tó ń kan, bí a bá tètè gbé e kaná, a ṣì lè jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi láyé ọjọ́sí á rántí pé mo máa ń pẹ́ lórí ń kékeré yẹn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ń sọ ipò tí nǹkan wà, bíi pọ́n, gbóná, tutù, kan, ń ló máa ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan náà kò tíì débẹ̀, ọ̀nà ló wà. Ó tutù: ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tutù: ó ń lọ síbẹ̀.

Omi òkun ló mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ocean acidification. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lójijì á rò pé òkun ti di ásíìdì, pé bí èèyàn bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ á bó. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ sì máa ń fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́: ṣebí òkun kì í ṣe ásíìdì, kí lẹ wá ń pariwo lé lórí? Lóòótọ́, òkun kì í ṣe ásíìdì, kò sì tíì sún mọ́ ọn. Àmọ́ àwa kò nílò àríyànjiyàn yẹn nínú èdè tiwa. Òkun kò kan. Òkun ń kan. Ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe mọ ń yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé kò sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò.

Ilé ọtí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe etí òkun. Ní 1909, Søren Sørensen, ará Dẹ́ńmáàkì, ni ọ̀gá ẹ̀ka kẹ́mísírì ní ilé ìwádìí Carlsberg ní ìlú Copenhagen, Carlsberg tó ń pọn bíà yẹn gan-an. Ẹni tó ń pọn ọtí kò lè máa fi ẹnu lásán sọ pé "eléyìí kan díẹ̀, tọ̀hún kan jù." Sørensen wá òǹkà tí gbogbo èèyàn lè jọ máa lò, ó pè é ní pH. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Ohun tó bá wà lábẹ́ 7, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi orí ògì, ó kan. Ohun tó bá wà lókè 7, bí omi ọṣẹ àti omi káún, òdìkejì kíkan ló wà. Ẹ fi ohun méjì sọ́kàn. Bí kíkan bá ń lọ sókè, òǹkà náà ń lọ sílẹ̀ ni. Ìṣísẹ̀ kan lórí rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: ohun tó wà ní 6 kan ju ohun tó wà ní 7 lọ nígbà mẹ́wàá.

Omi ojú òkun wà ní nǹkan bí 8.1 lónìí. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú àti epo rọ̀bì ṣiṣẹ́, nǹkan bí 8.2 ni. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Nítorí ìlọ́po mẹ́wàá tí mo sọ, ìyàtọ̀ 0.1 yẹn túmọ̀ sí pé ohun tó ń mú omi kan ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti se zobo rí lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ bu zobo tí kò ní ṣúgà sínú ife, kí ẹ máa kán omi káún sí i díẹ̀díẹ̀. Pupa rẹ̀ á ṣí, á máa lọ sí àwọ̀ aró, bí ẹ bá sì ń kán an lọ, á fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Aró inú ìṣápá ló ń sọ fún yín pé kíkan ti ń lọ. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òkun ń ṣe títí dòní: wọ́n á kán aró aláwọ̀ àlùkò kan sínú omi òkun, ẹ̀rọ á wá ka àwọ̀ náà lọ́nà tí ojú èèyàn kò lè gbà kà á. Ẹ rọra gbé káún yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ṣì máa padà wá mú un.

Kí ló wá ń mú òkun kan? Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni, èyí tí a ń mí síta, tí iná igi, èédú àti bẹntiróòlù ń tú jáde, tó sì ń hó nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Màá máa pè é ní afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Bó bá wọ omi, ó ń di ásíìdì tí kò le púpọ̀, ásíìdì yẹn kì í sì í jókòó lásán. Ó ń wá èròjà kan nínú omi òkun tó ń jẹ́ carbonate, á so mọ́ ọn, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Carbonate yìí gan-an ni àwọn ẹran omi oníkarahun fi ń kọ́ ilé ara wọn, òun náà ni iyùn ìsàlẹ̀ òkun fi ń kọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ronú nípa ásíìdì bátìrì tó ń jó nǹkan. Bíríkì ni òkun tó ń kan ń gbà lọ́wọ́ bíríkìlà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá afẹ́fẹ́ yìí nínú òkun. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Challenger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ayé ká láti 1872 sí 1876, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, John Young Buchanan, wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé nǹkan kan á yí padà. Òkun tóbi, omi rẹ̀ jìn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà pé gbogbo èéfín tí a bá tú jáde, òkun á gbé e mì bí ẹni gbé ẹ̀kọ mì. Roger Revelle àti Hans Suess ló da omi tútù sí ìrètí yẹn ní 1957. Wọ́n fi hàn pé kẹ́mísírì omi òkun fúnra rẹ̀ ń ta ko gbígbémì náà, pé awọ omi tó wà lókè kò lè gba afẹ́fẹ́ tó bí àwọn èèyàn ti rò. Ìyókù á dúró sí ojú sánmà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ẹnì kan máa wọ̀n ọ́n. Charles David Keeling ni ẹni náà. Ní March 1958 ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan ni nígbà náà. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Keeling ni bí ọkùnrin náà ṣe lóríkunkun. Ní 1964 owó tán, iṣẹ́ dúró fún oṣù mélòó kan, àlàfo náà sì ṣì wà nínú ìwé rẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn tó ń fún un lówó máa ń bi í pé ṣé kò tíì rí ohun tó ń wá ni. Ẹni tó ń wọn nǹkan tó ń yí díẹ̀díẹ̀ kò ní èsì kankan fún ìbéèrè yẹn ju pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ̀n ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀.

Ti òkun le ju ti afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí. A sì mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ẹni mẹ́wàá bá mú kóńgò mẹ́wàá wá, tí ìdí ọ̀kan wọnú ju ti èkejì lọ, ta ló lè sọ pé gàrí ti wọ́n ju ti ọdún tó kọjá lọ? Bẹ́ẹ̀ ni yàrá ìwádìí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan rí. Àṣìṣe tó wà láàárín wọn tóbi ju ìyípadà tí wọ́n ń wá lọ. Andrew Dickson, ní Scripps ní etíkun California, ló tún kóńgò ṣe. Ó ń bu omi òkun, ó ń fi oògùn pa gbogbo ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ kí omi náà má baà yí padà mọ́, ó ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra ńlá, ó ń dé e sínú ìgò, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ẹni tó bá gba ìgò náà á kọ́kọ́ wọn omi inú rẹ̀. Bí òǹkà tirẹ̀ kò bá bá ti Dickson mu, á tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kó tó fọwọ́ kan omi òkun tirẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí wọ àwọn ọdún 1990 ni iṣẹ́ yìí fìdí múlẹ̀. Kì í ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ orin fún, àmọ́ lójú tèmi, láìsí ìgò yẹn kò sí ìtàn tí mo ń sọ yìí.

Ní October 1988, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Hawaii mú ibì kan nínú agbami, nǹkan bí 100 kìlómítà sí àríwá erékùṣù Oahu, wọ́n pè é ní Station ALOHA. Kò sí erékùṣù níbẹ̀, kò sí òpó, omi lásán ni. Wọ́n ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù làwọn á máa lọ bu omi níbẹ̀. Ọdún kan náà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bermuda nínú òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà tí wọ́n to òǹkà ogún ọdún ALOHA jọ, pH omi ojú òkun ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 0.0019 lọ́dún kan. Ó ń gòkè ní ìgbà kan nínú ọdún, ó ń sọ̀ ní ìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ló dorí kọ. Ń yẹn nìyẹn.

Orúkọ tó lókìkí ní tirẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ní 2003, Ken Caldeira àti Michael Wickett gbé iṣẹ́ kúkúrú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ ocean acidification gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láìní orúkọ tí ará ìta mọ̀.

Títí di àkókò yẹn, inú ìwé ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn tó kọ́kọ́ fi àpò ara wọn mọ̀ ọ́n ni àwọn ọlọ́sìn ọ́ísítà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ́ísítà ni ẹran omi oníkarahun méjì tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí gbòǹgbò igi, a rí irú tiwa nínú ọ̀sà. Èyí tí wọ́n ń sìn jù lọ́hùn-ún, láti Japan ni wọ́n ti kó o lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ fúnra rẹ̀ nínú omi tútù tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọlọ́sìn ń ra ọmọ rẹ̀ ní hatchery, bí àwọn ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ wa náà ṣe ń pè é. (Mo fẹ́ pè é ní ibi tí wọ́n ti ń pa ọmọ, àmọ́ pa wa yìí, ti adìẹ tó pa ọmọ àti ti apànìyàn, ọ̀kan náà ni lẹ́nu. Nínú ìtàn yìí, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀.) Whiskey Creek ni orúkọ hatchery tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé, létí ọ̀sà kékeré kan tó ń jẹ́ Netarts Bay ní Ìpínlẹ̀ Oregon. Mílíọ̀nù mélòó kan ọmọ ọ́ísítà, bí wọ́n bá wé e pọ̀, kò ju ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ní nǹkan bí 2007, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í ṣe díẹ̀díẹ̀: àgbá odindi á kú tán. Sue Cudd tó ni ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fura sí kòkòrò àrùn kan tí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń pa ọmọ ọ́ísítà, Vibrio tubiashii. Ìfura náà ní ìdí, torí kòkòrò náà wà nínú omi lóòótọ́. Wọ́n ná owó, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò inú omi. Omi mọ́. Àwọn ọmọ ṣì ń kú. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: oníṣòwò tó ti náwó wo àìsàn tí kì í ṣe ìyẹn ló ń pa á, àwọn ọlọ́sìn tó gbójú lé e kò sì rí ọmọ rà.

Alan Barton tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ikú náà ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́hùn-ún, bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti àríwá fún ọjọ́ mélòó kan, omi òkè á ṣí kúrò létí òkun, omi tútù láti ìsàlẹ̀ á wá gòkè dípò rẹ̀. Ìgbà tí omi tútù bá dé ni ọmọ ń kú. Ní 2007 kan náà, Richard Feely àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wa ọkọ̀ gba etíkun yẹn láti Kánádà dé Mẹ́síkò, wọ́n sì rí ohun tí wọn kò retí kó tètè dé bẹ́ẹ̀: omi tó lè máa yọ́ ìkarahun ti gòkè wá láti ìsàlẹ̀, ó tilẹ̀ dé ojú omi níbì kan ní àríwá California. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2008. Burke Hales láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon bá àwọn ará Whiskey Creek wọn omi tiwọn, ọ̀rọ̀ sì bá ara wọn mu.

Ohun tó ń pa wọ́n, iṣẹ́ bíríkìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ọmọ ọ́ísítà gbọ́dọ̀ kọ́ ìkarahun rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tíì lè jẹun dáadáa nígbà náà. Ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ fi sínú ẹyin fún un ni gbogbo oúnjẹ tó ní. Bí bíríkì bá ṣọ̀wọ́n nínú omi, á ná gbogbo agbára yẹn sórí ìkarahun, kò ní sí èyí tó máa fi dàgbà. Ọ̀pọ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kàn dúró sójú kan, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á kú, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti mọ ọjọ́ tí omi ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mo máa ń dúró sí. Omi tó ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ yẹn ti pẹ́ nísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú kíkan rẹ̀ jẹ́ ti ìṣẹ̀dá, nítorí pé ohun tó kú máa ń rà sínú rẹ̀. Àmọ́ èéfín tiwa tó mu kó tó rì ló tì í kọjá ààlà. Feely àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí omi náà ti fojú kan afẹ́fẹ́ gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé omi tó gòkè ní 2007, ìgbà tí Revelle àti Suess ń kọ ìwé wọn ló mí èémí ìkẹyìn. Èyí tó ń mu èéfín ọkọ̀ wa lónìí ṣì wà lọ́nà.

Àwọn ará Whiskey Creek kò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n rí i pé omi ọ̀sán sàn ju omi òwúrọ̀ lọ, nítorí koríko inú ọ̀sà ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mu bí oòrùn bá ràn, torí náà wọ́n ń fa omi lọ́sàn-án. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n Hales sínú ilé, àwọn èèyàn sì sọ ẹ̀rọ náà ní Burkolator. Wọ́n wá ń da sodium carbonate sínú omi. Ẹ gbé káún yín wá báyìí. Káún tó ń ti ọ̀nà Chad wá, sodium carbonate àti ìbátan rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ju káún bíńtín sínú tòmátò tó bá kan jù, iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn ọmọ ọ́ísítà bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Àmọ́ inú àgbá nìkan ni ìyẹn ti ṣeé ṣe; kò sí ẹni tó lè ju káún sínú ọ̀sà tán, kó tún wá ju sínú òkun.

Ní tiwa ńkọ́? Omi ìsàlẹ̀ tó ń gòkè wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà. Láàárín July sí September, òkun Côte d'Ivoire àti Ghana máa ń tutù, ẹja ṣáwá àti àwọn ìbátan rẹ̀ á pọ̀, òtútù náà sì ń nàgà dé etíkun Tógò àti Benin. Ọ̀sà Èkó tún ní wàhálà tirẹ̀: nígbà òjò, omi odò ń lé iyọ̀ jáde, omi odò kò sì ní carbonate tó ti òkun. Omi ibẹ̀ lè yí láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán ọjọ́ kan ju bí ALOHA ṣe yí ní ọdún mẹ́wàá lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé wọ̀n. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá lọ bu omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó lọ láàárọ̀ lọ́dún yìí, tó lọ lálẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò tíì wọn nǹkan kan.

Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ kò sí. Láti 1975 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní ilé ìwádìí òkun, NIOMR, ní Victoria Island. Ní 2012 àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Seattle, ibẹ̀ ni àjọ GOA-ON tó ń wọn kíkan òkun káàkiri ayé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà ní ẹ̀ka tiwọn, OA-Africa. Ní 2015, Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè fi kíkan òkun sínú àwọn ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ lé lórí. Irinṣẹ́ náà kò wọ́n bíi ti àtijọ́ mọ́: àpótí kan wà báyìí tí wọ́n to gbogbo ohun tí yàrá ìwádìí kékeré nílò sí, wọ́n sì dìídì ṣe é fún àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó tiẹ̀ gba ẹ̀bùn ńlá kan ní 2015 fún ẹ̀rọ tó ń wọn pH òkun, ìlú Missoula ní Montana ló ti wá, níbi tí òkun kò sí rárá!

Àwọn ará ALOHA ti lọ bu omi wọn ní ohun tó ju ìgbà 300 lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ọmọ yín ń ka kẹ́mísírì, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wà ní Bàdágìrì, iṣẹ́ wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ: ìgò, aró àlùkò, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, àti ìwé tí wọ́n á máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sí.